Ìyẹ̀wù Ọba àti Àwọn Ìwé Inú Rẹ̀: Àkọsílẹ̀ Ẹ̀kọ́ lórí Ààfin Ìgbà Òtútù ní Rọ́ṣíà

Kíláàsì: SS 2, Ayétòrò, ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ
Iṣẹ́: Ìtàn
Àkókò: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ méjì papọ̀, ìṣẹ́jú 80
Orí-ọ̀rọ̀: Àwọn yàrá tí àlejò kì í dé nínú ààfin ọba Rọ́ṣíà, àwọn ìwé tó wà níbẹ̀, àti ẹni tí wọ́n gbà láàyè láti fọwọ́ kàn wọ́n

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ bí ààfin ṣe máa ń rí nílẹ̀ wa. Wọ́n ti gbọ́ nípa Ààfin Ọ̀wọ̀ àti àwọn àgbàlá rẹ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní ùghà. Wọ́n mọ̀ pé àgbàlá ni àlejò máa ń mọ, pé àwọn ìjòyè máa ń sún mọ́ iwájú díẹ̀ sí i, àti pé ìyẹ̀wù kì í ṣe ibi tí ẹnikẹ́ni kàn ń já wọ̀. Orí ìmọ̀ yìí ni a ó gbé ẹ̀kọ́ òní lé.

Ète ẹ̀kọ́

Nígbà tí ẹ̀kọ́ bá parí, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lè sọ ìtàn ààfin náà láti ẹnu ọ̀nà ìyẹ̀wù, kì í ṣe láti orí ìtẹ́. Ó gbọ́dọ̀ lè sọ bí àwọn ìwé ọba ṣe dé ibẹ̀, ẹni tó kà wọ́n, àti ibi tí wọ́n wà lónìí.

Ohun èlò

Àwòrán ilẹ̀ ayé, ṣọ́ọ̀kì, àti àwòrán àwọn yàrá náà lórí fóònù olùkọ́. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Hermitage, tí ààfin náà jẹ́ apá kan rẹ̀ báyìí, gbé àwòrán wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé. Kí olùkọ́ gbà wọ́n sílẹ̀ láti ilé, kó sì rí i pé fóònù kún kó tó jáde, nítorí ta ló fẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé iná àti nẹ́tíwọ̀kì lọ́dọ̀ wa níbí?

Ìfáàrà: ìlú orí ẹrẹ̀

Kí olùkọ́ fi ìbéèrè bẹ̀rẹ̀: kí ni ẹni tó fẹ́ kọ́lé sórí ẹrẹ̀ máa kọ́kọ́ ṣe? Kò sí ọmọ Ayétòrò tí kò mọ ìdáhùn rẹ̀. Á ri òpó igi mọ́lẹ̀ kí ilé tó lè gba ìdúró. Ohun tí Peter, ọba Rọ́ṣíà, ṣe gan-an nìyẹn láti 1703, nígbà tó pinnu pé òun máa tẹ ìlú tuntun kan, Petersburg, dó sẹ́nu odò Neva, níbi tó ti ń ṣàn wọ apá kan òkun Baltic. Àbàtà ni gbogbo ibẹ̀. Wọ́n kó àgbẹ̀, ẹlẹ́wọ̀n àti ọmọ ogun wá láti ibi jíjìnnà, wọ́n fi tipátipá mú wọn ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì padà sílé mọ́. Lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Isaac nìkan, èyí tí wọ́n parí ní 1858, òpó igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lé ní 10,000.

Ọba kan ló pàṣẹ pé kí Petersburg wà. Ní ti Ayétòrò, àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ ló fi ọwọ́ ara wọn tẹ̀ ẹ́ dó ní 1947, tí gbogbo wọn jọ ń ṣiṣẹ́, tí owó sì ń wọ àpò kan náà. Ìyàtọ̀ yìí tóbi. Ṣùgbọ́n omi kì í wo ìyẹn. Bí ìjì bá ti ń fẹ́ bọ̀ láti ojú òkun, á ti omi padà sẹ́nu odò Neva, odò á sì gun orí ilẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 1824, omi náà fi ohun tó lé ní mítà mẹ́rin ga ju bó ṣe máa ń wà lọ. Ọdún 2011 ni wọ́n tó parí ìdènà omi tó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 25 láti dáàbò bo ìlú náà.

Àkíyèsí fún olùkọ́: àwọn ọmọ máa béèrè ìgbà tí wọ́n máa kọ́ ìdènà omi tiwa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n béèrè o. Ẹ kọ ìbéèrè náà sí igun bọ́ọ̀dù, ẹ má pa á rẹ́, kí ẹ sì máa bá ẹ̀kọ́ lọ.

Ààfin náà láti ìta

Ààfin Ìgbà Òtútù tó wà níbẹ̀ lónìí kì í ṣe èyí tí Peter kọ́. Elizabeth, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún Rastrelli, ọmọ Ítálì. Ní 1754 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì parí ní 1762, nígbà tí Elizabeth ti kú. Yàrá inú rẹ̀ tó 1,500.

Kí olùkọ́ má jẹ́ kí ẹ̀kọ́ há sídìí wúrà. Ẹni tó bá ti ń sọ̀rọ̀ ààfin yìí, wúrà ló máa ń kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu, lẹ́yìn náà yàrá Malachite tí òkúta aláwọ̀ ewé inú rẹ̀ lé ní tọ́ọ̀nù méjì. Yàrá àlejò nìyẹn, tí wọ́n kọ́ kí ojú lè rí i kí ẹnu sì lè ròyìn. Ibi tí ọba ti ń sùn, tó ti ń kàwé, tó ti ń ṣàìsàn, ni tiwa lónìí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí akẹ́kọ̀ọ́ máa bi ara rẹ̀ títí tí a ó fi parí: ta ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún?

Ọmọ Áfíríkà tó sùn sí ẹ̀gbẹ́ ọba

Kí ààfin ńlá yẹn tó wà, ilé kékeré kan ni Peter ń gbé nígbà ooru. Domenico Trezzini ló kọ́ ọ fún un láàárín 1710 sí 1714. Ilé alájà méjì ni, yàrá 14 péré, ọba nísàlẹ̀, ìyàwó rẹ̀ lókè. Yàrá kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ti oorun tàbí ti oúnjẹ: yàrá iṣẹ́ ọwọ́, tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ igi àti eyín erin wà nínú rẹ̀. Peter kì í jókòó lásán. Ní 1697, nígbà tó ti jọba tán, ó lọ bá àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Holland, ó gbé òòlù àti àáké, ó sì bá wọn ṣe káfíńtà bí ọmọṣẹ́. Àwọn ọmọ tí bàbá wọn ń kan ọkọ̀ nínú kíláàsì yìí á fẹ́ràn Peter níbi tí a dé yìí. Kí olùkọ́ rán wọn létí àwọn tó kú sínú ẹrẹ̀.

Ní 1704, wọ́n mú ọmọdékùnrin aláwọ̀ dúdú kan wá bá ọba yìí láti Constantinople, níbi tí wọ́n ti kó o lẹ́rú lọ. Ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́jọ ni. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní Vilnius, ọba fúnra rẹ̀ ló sì dúró bíi bàbá fún un níbi ìsàmì náà. Abram ni orúkọ tó dúró fún un. Nígbà tó dàgbà ó fi Gannibal kún un, orúkọ ọ̀gágun Carthage àtijọ́ nì.

Ibo ni wọ́n bí i sí? Nínú ìwé kan tó kọ sí ìjọba ní 1742, Abram ní ìlú Lagon ni, lábẹ́ ìjọba bàbá òun. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ń wá Lagon kiri ní apá Ethiopia. Dieudonné Gnammankou, òpìtàn ọmọ orílẹ̀-èdè Benin tí ẹnubodè wa jọ pàdé, tẹ ìwé jáde ní 1996, ó sì fi hàn pé apá ibí ló yẹ kí wọ́n wò. Ó ní Logone ni ìlú náà, ìlú àwọn Kotoko ní gúúsù adágún Chad, ní Cameroon òde òní. Kí olùkọ́ fi ọ̀pá tọ́ka sí i lórí àwòrán ilẹ̀, kó fa ìlà láti ibẹ̀ dé Constantinople, láti Constantinople dé Petersburg. Àwọn kan ṣì ń bá Gnammankou jiyàn. Èmi fara mọ́ ọn.

Iṣẹ́ wo wá ni ọmọ náà ń ṣe láàfin? Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tí àwọn ẹbí rẹ̀ kọ sílẹ̀ sọ pé yàrá tó kángun sí ti ọba ló ń sùn. Ọba kì í sùn gbádùn. Bí èrò kan bá ti já lu ọkàn rẹ̀ lóru, á ké sí ọmọ náà pé kó gbé àtùpà àti wàláà wá. Wọ́n á kọ èrò náà sílẹ̀ nínú òkùnkùn yẹn, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, ọmọ náà á dà á kọ dáadáa. Bí Abram ṣe ń dàgbà ni ìtọ́jú ìwé ọba náà bọ́ sí i lọ́wọ́. Àwọn ọlọ́lá Rọ́ṣíà tó fẹ́ rí ọba ń dúró ní gbọ̀ngàn, wọ́n ń tún irun àtọwọ́dá wọn ṣe. Ọmọ tí wọ́n kó lẹ́rú wà nínú ìyẹ̀wù, òun ló mọ ìwé tí ọba ń kà àti ojú ewé tó kà á dé.

Ní 1717, Peter mú un dání lọ sí Faransé, ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kó lè kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ológun. Ó jagun níbẹ̀, ó gbọgbẹ́ lórí. Owó kò tó o ná, ó ń kọ lẹ́tà padà sílé pé ìyà ń jẹ òun. Síbẹ̀, nígbà tó padà dé ní 1723, ìwé tó dì kalẹ̀ tó nǹkan bí 400. Kí kíláàsì ro iye yẹn dáadáa: ẹni tí owó oúnjẹ rẹ̀ kò pé, tó sì ń rìnrìn àjò nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, ló di 400 ìwé mọ́ ẹrù rẹ̀.

Peter kú ní 1725. Abram kọ ìwé tirẹ̀ lórí jiọ́mẹ́tírì àti bí a ṣe ń mọ odi ààbò, ó sì fi ta opó ọba lọ́rẹ. Ìyẹn kò gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀tá rẹ̀, nítorí ní 1727 wọ́n lé e lọ sí Siberia. Nígbà tí Elizabeth gorí ìtẹ́, ó rántí ọmọ tó dàgbà nílé bàbá òun. Ó fi Abram ṣe olórí ìlú Tallinn, ó sì di ọ̀gágun pátápátá kó tó kú ní 1781. Ọdún 18 lẹ́yìn náà ni wọ́n bí Aleksandr Pushkin, ọmọ-ọmọ-ọmọ rẹ̀, tí àwọn ará Rọ́ṣíà kà sí olórí gbogbo akéwì wọn. Ẹ fi orúkọ náà sọ́kàn, a ń padà bọ̀ lórí rẹ̀.

Obìnrin tó ra ìwé mọ́ olówó ìwé

Catherine Kejì jọba láti 1762 di 1796. Ní 1765 ó gbọ́ pé Diderot, ọ̀mọ̀wé Faransé, fẹ́ ta ìwé rẹ̀ kó lè rí owó fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ obìnrin. Catherine rà wọ́n, ó sanwó rẹ̀ pé, ó wá ní kí wọ́n wà lọ́dọ̀ Diderot títí tó máa fi kú, kí Diderot sì máa gba owó lọ́dọọdún gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń bá òun tọ́jú ìwé òun. Nígbà tí owó ọdún kan pẹ́, ó san ti 50 ọdún lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n ń bẹ nínú ọlá yẹn: gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù gbọ́ ọ, iyì tó fún ọba sì ju iye owó náà lọ. Diderot kú ní 1784, ìwé sì wọkọ̀ lọ sí Petersburg.

Ti Voltaire, òǹkọ̀wé Faransé mìíràn, ló rà tẹ̀ lé ti Diderot. Nígbà tí Voltaire kú ní 1778, Catherine ra ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 7,000. Voltaire kì í ka ìwé kó má bá a jà. Etí ojú ewé ló ń kọ èrò rẹ̀ sí, ó ń yin èyí, ó ń bú tọ̀hún. Ìyẹn ló jẹ́ kí ìwé wọ̀nyẹn níye lórí ju èyí tí ọwọ́ kò tíì kàn rí.

Ibi tí Catherine ń kó irú nǹkan báyìí sí ni ilé kékeré tó kọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ààfin, tó pè ní Hermitage. Àwọn ọ̀rẹ́ tó yàn ló ń wọbẹ̀. Ó kọ òfin sílẹ̀ fún wọn: kí olúkúlùkù fi oyè rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fìlà rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọ́ nǹkan, kí ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ níbẹ̀ má gbé e jáde. Ẹni tó bá rú òfin á mu ife omi tútù kan, á sì ka ojú ewé kan sókè nínú Tilemakhida, ewì gbọọrọ tí Trediakovsky kọ, tí gbogbo ààfin gbà pé ó súni ju ìwàásù ọ̀sán lọ. Kí olùkọ́ bi kíláàsì pé ìwé wo ni wọ́n á yàn bí wọ́n bá fẹ́ fi jẹ ara wọn níyà. (Ẹ múra o, ó ṣeé ṣe kí wọ́n dárúkọ ìwé tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ ń lò.)

Lẹ́yìn Catherine, ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í tì. Nicholas I, ọmọ-ọmọ rẹ̀, kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ Voltaire ran ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Pushkin ń ṣe ìwádìí lórí ìtàn Peter ní 1832, ó ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ ọba kó tó lè wo àwọn ìwé Voltaire. Wọ́n fún un. Bàbá ńlá rẹ̀ ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ ìwé ọba, kò sí ẹni tó bi í léèrè ohun tó ń wá níbẹ̀. Òun tó jẹ́ ọlọ́lá, ọmọ bíbí ilẹ̀ Rọ́ṣíà, kọ lẹ́tà kó tó wọlé. Lẹ́yìn 1860 ni wọ́n kó ìwé Voltaire kúrò láàfin lọ sí ilé ìkàwé gbogboògbò ìlú náà, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí di òní.

Iná 1837 àti ibùsùn Nicholas

Ní oṣù Kejìlá 1837, iná sọ láti inú ihò èéfín kan tí wọ́n fi ògiri bò. Ó jó ju wákàtí 30 lọ. Àwọn ọmọ ogun kó àga, àwòrán àti aṣọ jáde, wọ́n dà wọ́n sórí òjò dídì níwájú ààfin, yí òpó gíga tí wọ́n ń pè ní òpó Alexander ká. Wọ́n wó ọ̀nà tó so ààfin mọ́ Hermitage, wọ́n fi bíríkì dí ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí Catherine kó jọ ṣe bọ́. Wọ́n ní nínú gbogbo ẹrù tó sùn síta yẹn, ìkòkò kọfí onífàdákà kan ló sọnù. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́ kó gbà á.

Láàárín nǹkan bí oṣù 15, Stasov àti Bryullov, àwọn ayàwòrán ilé, ti tún ibi tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kọ́. Custine, arìnrìn-àjò Faransé tó débẹ̀ ní 1839, kọ̀wé pé iná ńlá ni wọ́n ń dá sínú yàrá kí ògiri lè yára gbẹ, àwọn òṣìṣẹ́ ń ti inú ooru bẹ́ẹ̀ jáde sínú òtútù, wọ́n sì ń kú.

Ọba kan náà tó ní kí wọ́n dá wúrà padà sára gbogbo ògiri, yàrá kan nísàlẹ̀ ilé lòun fúnra rẹ̀ ń sùn, lórí ibùsùn onírin tí ológun ń gbé lọ sójú ogun, ẹ̀wù ogun rẹ̀ ló sì ń fi bora. Ibẹ̀ ló kú sí ní 1855. Àlejò rí ìtẹ́. Ìránṣẹ́ ló rí ibùsùn.

Alexander Kejì, ọmọ rẹ̀, ló tọwọ́ bọ ìwé tó dá ohun tó lé ní 20 mílíọ̀nù àgbẹ̀ sílẹ̀ lóko ẹrú ní 1861. Ní 1881, wọ́n ju bọ́ǹbù lù ú ní ìgboro, wọ́n gbé e wá sínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀ láàfin, ó sì kú síbẹ̀.

Yàrá ìkàwé Nicholas Kejì

Ibí yìí ni kí fóònù ti lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Kí olùkọ́ má kánjú.

Krasovsky ló ṣètò yàrá náà ní 1894 sí 1895, nígbà tí Nicholas Kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ jọba tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Alexandra níyàwó. Igi walnut ni wọ́n fi ṣe àpótí ìwé tó yí ògiri ká. Igi náà ni àjà òkè, wọ́n pín in sí ihò ihò onígun mẹ́rin, wọ́n sì gbẹ́ òdòdó sínú wọn. Ní igun kan, àtẹ̀gùn onígi gùn lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan lókè, níbi tí ìwé tún tò sí, tí ènìyàn lè dúró kó máa wo ẹni tó jókòó nísàlẹ̀. Ibi tí àpótí ìwé kò bò lára ògiri, awọ tí wọ́n tẹ ọnà wúrà sí ni wọ́n fi bò ó. Ààrò ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ẹranko méjì sí lára, griffin abìyẹ́ fún ìdílé ọkọ, kìnnìún fún ìdílé ìyàwó. Láti àjà dé ilẹ̀, ó jọ inú ṣọ́ọ̀ṣì Yúróòpù àtijọ́. Nínú gbogbo yàrá 1,500 yẹn, bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, èyí ni màá mú.

Nicholas fẹ́ràn ìwé. Ẹnikẹ́ni kò lè fi ìyẹn dù ú. Ṣùgbọ́n ní 1904, òun àti ìdílé rẹ̀ kó lọ sí Tsarskoye Selo lẹ́yìn ìlú, wọ́n fi yàrá náà sílẹ̀ fún ìwé nìkan. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan ní oṣù Kìn-ín-ní 1905, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ rìn lọ sí ààfin pẹ̀lú ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́. Ebi ń pa wọ́n, iṣẹ́ ń pa wọ́n, wọ́n sì gbà pé bí ọba bá lè kà á, á ṣàánú wọn. Ọba kò sí nílé. Àwọn ọmọ ogun yìnbọn lù wọ́n. Ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé nínú walnut, ọ̀kan tí wọ́n gbé wá bá a lọ́jọ́ yẹn kò sì dé ọwọ́ rẹ̀.

Láti 1915, nígbà ogun àgbáyé kìn-ín-ní, àwọn gbọ̀ngàn ńlá ààfin di ilé ìwòsàn fún ọmọ ogun tó gbọgbẹ́. Ọmọ àgbẹ̀ ń dùbúlẹ̀ lábẹ́ fìtílà ọba.

Aago tó dúró ní 2:10

Ní oṣù Kẹta 1917, Nicholas fi orí ìtẹ́ sílẹ̀. Ìjọba onígbà díẹ̀ tó rọ́pò rẹ̀ kó wọ ààfin, àwọn mínísítà ń ṣèpàdé nínú yàrá Malachite. Nígbà tí àwọn Bolshevik, àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó fẹ́ gba ìjọba, yí ààfin ká, àwọn mínísítà sá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí odò, wọ́n bọ́ sínú yàrá oúnjẹ kékeré tí ìdílé ọba ti máa ń jẹun. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú wọn lóru tó mọ́jú ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá lórí kàlẹ́ńdà àtijọ́ wọn, tí tiwa ń ka ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá. Wọ́n dá aago tó wà lórí ààrò yàrá náà dúró ní 2:10. Ọgọ́rùn-ún ọdún ni kò fi ṣiṣẹ́, títí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fi wá ṣí i padà ní 2017.

Àwọn tó ya wọ ààfin tú àwọn ìyẹ̀wù náà wò, wọ́n fa àpótí ya, wọ́n da ìwé sílẹ̀. Kí olùkọ́ bi kíláàsì bóyá wọ́n jẹ̀bi. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló máa ní ohun tí wọ́n máa sọ, ẹ sì jẹ́ kó gbóná díẹ̀.

Ibi tí àwọn ìwé gbà lọ

Ìjọba tuntun nílò owó ilẹ̀ òkèèrè, ó sì ń ta ohun tó bá ṣeé tà. Láàárín ọdún 1930 sí 1940, olùtàwé kan ní New York, Israel Perlstein, ra ọ̀pọ̀ ìwé tó jẹ́ ti ìdílé ọba. Ilé ìkàwé Congress ní Washington ra ohun tó lé ní 2,000 nínú wọn lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé tó wà ní ìyẹ̀wù ọba Rọ́ṣíà wà ní Amẹ́ríkà báyìí, ẹni tó bá ti gba káàdì sì lè jókòó kà á.

Ilẹ̀ wa náà ní irú rẹ̀, kò sì sí ààfin tàbí ìbọn nínú rẹ̀. Wọ́n bí Henry Carr ní Èkó ní 1863. Ó di ọ̀gá nínú iṣẹ́ ẹ̀kọ́, ó sì di olórí ìjọba ní Èkó lábẹ́ gómìnà ní 1918. Ìwé tó kó jọ sínú ilé rẹ̀ tó nǹkan bí 18,000. Nígbà tó kú ní 1945, ìjọba rà wọ́n, wọ́n sì di ìpìlẹ̀ ilé ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948. Ọmọ Ìlàjẹ tó bá wọ Yunifásítì Ìbàdàn lọ́dún tó ń bọ̀, ìyẹ̀wù Henry Carr ló ń wọ̀, kò sì ní kọ lẹ́tà sí ọba kankan.

Bí a ṣe mọ ohun tó wà nínú yàrá

Bí wọ́n bá ti da yàrá rú, báwo ni wọ́n ṣe mọ ibi tí àga wà? Láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọba náà gba àwọn ayàwòrán, Eduard Hau, Konstantin Ukhtomsky àti Luigi Premazzi, kí wọ́n ya yàrá kọ̀ọ̀kan bó ṣe rí: àwọ̀ ògiri, aṣọ fèrèsé, ìwé tí wọ́n ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì. Àwòrán wọ̀nyẹn ni àwọn tó ń tún ààfin ṣe ń wò.

Ní 1941, nígbà tí ogun Jámánì ń bọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kó ohun tó lé ní mílíọ̀nù kan wọ ọkọ̀ ojú irin méjì lọ sí Sverdlovsk, ìlú kan náà tí wọ́n ti yìnbọn pa Nicholas àti ìdílé rẹ̀ ní oṣù Keje 1918. Wọ́n fi férémù òfìfo sílẹ̀ lára ògiri kí wọ́n lè mọ ibi tí kálukú máa padà sí. Nígbà tí ìlú wà nínú ìsàgatì àti ebi, ọ̀kan nínú àwọn olùtọ́nà mú àwọn ọmọ ogun káàkiri gbọ̀ngàn, ó ń dúró níwájú férémù kọ̀ọ̀kan, ó sì ń ṣàpèjúwe àwòrán tí kò sí níbẹ̀ fún wọn.

Ìgbéléwọ̀n

1. Kí ni ìdí tí Abram fi lè wọ ibi tí àwọn ọlọ́lá kò lè wọ̀? Ṣé òmìnira nìyẹn?
2. Catherine ra ìwé Diderot, ó sì fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ta ló jèrè jù?
3. Fi Logone, Constantinople, Petersburg, Sverdlovsk, Washington àti Ìbàdàn hàn lórí àwòrán ilẹ̀, kí o sì sọ ohun tó gbé ìtàn yìí dé ọ̀kọ̀ọ̀kan.
4. Ẹnì kan sọ pé àwọn Bolshevik ló jí ìwé ọba tà. Ẹlòmíràn sọ pé owó àgbẹ̀ ni ọba fi rà wọ́n. Gbèjà ọ̀kan, ìlà mẹ́wàá.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Lọ bá àgbà kan nínú ilé yín, bàbá tàbí ìyá àgbà, tí òkun ti gba ilé rẹ̀ rí. Kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀, kí o sì bẹ̀ ẹ́ pé kó mú yàrá kan ṣoṣo nínú ilé náà kó ṣàpèjúwe rẹ̀ fún ọ: ẹnu ọ̀nà, fèrèsé, ibùsùn, ibi tí Bíbélì àti ìwé orin máa ń wà, ibi tí wọ́n ń fi àwọ̀n kọ́, ẹni tí wọ́n ń jẹ́ kó wọbẹ̀ àti ẹni tí wọn kì í jẹ́. Béèrè ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde nígbà tí omi dé.

Ya yàrá náà sínú ìwé rẹ bí Hau ṣe ya ti ọba. Pẹ́ńsù ni kí o lò. Bí àgbà náà kò bá rántí àwọ̀ kan, fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìkùn ún. Má ṣe bá a finú rò ó. Kọ ọjọ́ tí o bá a sọ̀rọ̀ sẹ́yìn àwòrán náà. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni olùkọ́ máa gbà á.